Abà àwọn òbí ìyá mi ń wó lọ, kí ni ká ṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Ilé alámọ̀ tó wà ní abà àwọn òbí ìyá mi ti ń wó díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ la ti máa ń lo ìsinmi nígbà tá a wà lọ́mọdé. Òpó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tí ìyá àgbà máa ń dì mú tí wọ́n bá fẹ́ dìde. Ọwọ́ wọn ti mú kí ojú ibẹ̀ máa dán. Ó ṣì ń dán títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà. Ọkàn mi ò gbà á, torí sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi tó ti wọ inú amọ̀ ráyè gbẹ, ògiri á wá máa bàjẹ́ láti inú. Ṣé kì í ṣe amọ̀ náà ló yẹ ká fi rẹ́ ẹ, lẹ́yìn tá a bá ti tún òrùlé tó ń jò ṣe? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ bá mi dá sí i.

Mo tún fẹ́ gba ohùn àwọn àbúrò ìyá mi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ohun tí wọ́n rántí ò bára mu, kódà lórí ibi tí kànga wà. Ṣé kí n jókòó ti wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àbí kí n kó gbogbo wọn lọ sí abà? Tí ẹnì kan bá ti sọ̀rọ̀, àwọn yòókù lè kàn máa gbè é lẹ́yìn. Ìbéèrè wo lẹ̀yin máa ń kọ́kọ́ bi àwọn àgbà?