Ẹ wá sọ tiyín: nígbà tẹ́ ẹ pe ètò rédíò sórí ọ̀rọ̀ ìlú, kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

Aránṣọ, Ìbàdàn

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, rédíò kì í sinmi. Tí wọ́n bá ti ka ìwé ìròyìn tán láàárọ̀, ó kan ètò tí wọ́n ti ń gba ìpè: owó ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ oyè, ojú ọ̀nà tó bàjẹ́, owó tí wọ́n ń gbà lọ́jà. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi á dárúkọ kọmíṣọ́nnà kí wọ́n tó dárúkọ agbábọ́ọ̀lù. Àwa tá a ń gbọ́ pọ̀, àwọn tó ń pè ni ò tó nǹkan. Mo fẹ́ ká sọ ohun tójú wa rí nígbà tá a gbé fóònù. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Tiransifọ́mà àdúgbò wa ló jó. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń pín iná wá wò ó, wọ́n ní kí onílé àti ayálégbé dáwó jọ ká ra òmíràn. Ẹgbẹ́ onílé ti ń pín iye tí ojúlé kọ̀ọ̀kan máa san. Àfi bí amòfin kan ṣe wà lórí rédíò lọ́jọ́ kan tó ń ṣàlàyé pé àjọ NERC, àwọn tó ń mójú tó ilé iṣẹ́ iná ní Nàìjíríà, ti sọ pé kì í ṣe ojúṣe oníbàárà láti ra tiransifọ́mà. Ó ní bí àdúgbò bá tiẹ̀ fẹ́ fowó ara wọn rà á, kí wọ́n kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ náà lórí bí wọ́n ṣe máa gba owó wọn padà. Ibẹ̀ ni mo ti gbé fóònù.

Ẹni tó wọlé ṣáájú mi ń ṣépè. Ó ṣépè fún ìjọba, ó ṣépè fún àwọn oníná, ó ṣépè fún ìyàwó àtọmọ wọn. Atọ́kùn bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sọ àdúgbò tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, kò dáhùn, ni wọ́n bá gé e. Nígbà tó kàn mí, mo dárúkọ àdúgbò, mo sọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ jó, mo ní a ti kọ lẹ́tà, ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí wà lọ́wọ́ mi. Ohùn atọ́kùn yí padà. Ó ní, "Mà, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka déètì tó wà lára ẹ̀ fún wa." Mo kà á. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pe alukoro ilé iṣẹ́ iná sórí ètò. Ó ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan gbà. Atọ́kùn ka déètì inú òǹtẹ̀ sí i létí, gbogbo Ìbàdàn sì ń gbọ́. Kò pẹ́ sígbà náà tí ọkọ̀ wọn fi dé. Ẹ̀rọ tuntun kọ́ ni wọ́n gbé wá o, èyí tó jó náà ni wọ́n tú lọ tún ṣe, ṣùgbọ́n iná dé, ẹnikẹ́ni ò sì dá kọ́bọ̀.

Àwọn kan máa ń ní ariwo lásán ni rédíò ń pa. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rí wá, wọ́n máa ń dá a lóhùn. Ta ló tún ní tiẹ̀?

Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Òṣogbo

Ìyá aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́. Tèmi ò dùn tó tiyín.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní 11 July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sápò ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, inú mi dùn gan-an, torí òrùlé ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wa ti ń jò tipẹ́. Mo pe ètò kan tí olóṣèlú kan ti wá ṣàlejò. Ìbéèrè mi ò gùn: ta ló yẹ kó tún òrùlé yẹn ṣe báyìí, ìgbà wo ni wọ́n sì máa ṣe é? Bàbá náà sọ̀rọ̀, ó sọ ti ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó sọ ti ẹgbẹ́ kejì, ó sọ ohun tí gómìnà àná ṣe. Òrùlé ò wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó wá di oṣù kejì ọdún 2025, tí ìjà ta ni alága, ta ni kì í ṣe alága bẹ̀rẹ̀ káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun, kò tún sí ìbéèrè tẹ́ ẹ lè bi wọ́n tí wọn ò ní fi ìjà yẹn dáhùn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó fi pípe rédíò ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá ń gbọ́ ètò lójoojúmọ́ á mọ ohùn wọn. Láàárọ̀ wọ́n á pe ibùdó kan, lọ́sàn-án wọ́n á pe òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà, bíi pé wọ́n kà á látinú ìwé. Ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń fún wọn lówó ìpè. Wọ́n á gba gbogbo ìlà tán, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn nínú ilé ìwòsàn tó ń jò ò ní ráyè wọlé. Ìwà ìkà ni mo ka ìyẹn sí, mi ò sì ní yéé sọ ọ́.

Awakọ̀, Èkó

Èrò ọkọ̀ mi ló ń fi yé mi bóyá ètò dáa. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa ní gáréèjì, kódà ẹni tó ti sùn á jí. Èmi ò tíì pè rí, torí ọwọ́ mi wà lórí ìtọ́kọ̀, àwọn tó ń gba owó náà sì mọ ojú mi. Kí àwọn tí ibi tí wọ́n wà fọkàn balẹ̀ máa bá wa pè.

Bàbá Àgbà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn sí ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Ara ògiri ilé bàbá mi ni mo bá rédíò. Rediffusion ni wọ́n ń pè é, àpótí tí wọ́n fi wáyà fa ohùn wá sínú ẹ̀. Ọdún 1935 ló dé Èkó, ó dé Ìbàdàn níbí ní 1939. O ò lè yí i lọ síbòmíràn, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lo máa gbọ́. Oṣooṣù ni wọ́n sì ń gbowó ẹ̀.

Mo ti gbọ́njú nígbà ìbò ọdún 1965. Rédíò ń ka èsì, àwọn àgbà tó jókòó yí i ká ń mi orí, torí ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí níbi ìdìbò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń gbọ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n lè pè láti bi í. Oṣù October yẹn náà ni ẹnì kan gbé ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, tó yọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun tí Olóyè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, ti gbà sílẹ̀ kúrò, tó fi ohùn mìíràn sí i tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ìjọba sílẹ̀. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká lórí ọ̀rọ̀ náà, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀ nínú oṣù December. Ẹ wo ohun tó gbà láyé ìgbà yẹn kí ohùn tí kì í ṣe tìjọba tó lè jáde lórí afẹ́fẹ́.

Ọdún 1994 ni rédíò aládàáni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Raypower ní Èkó. Ṣùgbọ́n ìgbà tí GSM dé ní 2001 ni ẹnu mẹ̀kúnnù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rédíò. Nítorí náà, tí mo bá gbọ́ tí ọ̀dọ́ ń sọ pé kò wúlò, ó máa ń dùn mí wọ inú egungun.

Ọmọ Ọjà'ba, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ilé o. Peckham ni mò ń gbé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń gbọ́ rédíò Ìbàdàn, pàápàá tí mo bá ń dáná.

Ìgbà tí mo pè ni ọdún 2017, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ dé àwọn ìjòyè àti baálẹ̀ 21 ládé. Gbogbo ìlú ń fà á. Ní tòótọ́, orí rédíò yẹn ni mo ti lóye bí oyè Olúbàdàn ṣe ń lọ: ìlà méjì, ti Ọ̀tún àti ti Balógun, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní àjẹyípo. Láti ipò mọ́gàjí, ìyẹn olórí agbo ilé, ni èèyàn á ti máa gun àkàsọ̀, ipò kan lẹ́yìn ìkejì, tí ẹ̀mí bá gùn. Kò sí ilé kan pàtó tí wọ́n ń pè ní ilé ọba, ìdí sì nìyẹn tí ìjà ọmọ ọba tó ń ṣẹlẹ̀ níbòmíràn kì í fi í wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn. Mo pè láti béèrè pé bí ìjòyè tó ṣì wà lórí àkàsọ̀ bá ti dé adé, kí ni yóò kù fún ẹni tó bá dókè? Ẹni tó pè tẹ̀ lé mi bínú, ó ní kí ló kan ará òkè òkun. Atọ́kùn dá a lóhùn pé, "Ọ̀gá mi, ṣé ẹni tó bá kúrò nílé ti kúrò nínú agbo ilé ni?" Mo rí i lónìí pé ìbéèrè mi kì í ṣe ìsọkúsọ. Ìgbìmọ̀ Olúbàdàn fúnra wọn dé ilé ẹjọ́ lórí adé yẹn, Ọba Rashidi Ládọjà, tó kọ̀ láti gba ti 2017, ló sì gorí oyè ní 26 September 2025.

Àwọn ọmọ mi tí wọ́n bí síbí ń gbọ́ pẹ̀lú mi. Wọ́n ń gbọ́ bí àgbà ṣe ń bá àgbà jiyàn láìbú ara wọn. Mi ò mọ ibi tí mo ti lè ra ìyẹn fún wọn ní Lọ́ńdọ̀nù.

Sọ̀rọ̀sọ́rọ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ẹ jẹ́ kí èmi tó wà nínú sítúdíò náà sọ tèmi. Mi ò ní sọ ibùdó.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣètò Yorùbá kì í ṣe òṣìṣẹ́ rédíò. A máa ń ra àkókò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, a ó wá wá onígbọ̀wọ́ tí yóò san án: alágbo, oníléeṣẹ́ ilẹ̀ títà, nígbà mìíràn olóṣèlú. Mo ti ṣe ètò lórí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà rí. Àwọn ìyá pè, wọ́n sọ̀rọ̀, ó dùn ún gbọ́. Kí n tó délé, onígbọ̀wọ́ mi ti fi iṣẹ́ jẹ́ mi pé òun ò ṣe mọ́. Mo gbé ètò náà lọ fúnra mi títí mo fi rí ẹlòmíràn. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó wà lẹ́yìn àwọn ètò tó dà bíi pé atọ́kùn ń bẹ̀rù.

Èkejì ni gígé ìpè. Inú ń bí àwọn èèyàn tá a bá gé wọn. Ní 2020, ìjọba gbé owó ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra kúrò ní ₦500,000 lọ sí ₦5,000,000, kì í sì í ṣe ẹni tó pè ni yóò san án, ilé iṣẹ́ rédíò ni. Ọkùnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó dárúkọ káńsílọ̀ wọn, ó ní olè ni. Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní gbogbo èèyàn ló mọ̀. Mo gé e. Ká ní ó sọ pé, "Wọ́n gbé pátákó síbí pé wọ́n ń gbẹ́ kànga, pátákó ṣì wà, kànga ò sí," màá fi í sílẹ̀ kó sọ̀rọ̀ tẹ́rùn, màá sì pe káńsílọ̀ náà fúnra mi. Ìyá aránṣọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìyá Ọlọ́jà, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, sọ̀rọ̀sọ́rọ̀. Gọ́tà ọjà wa ti dí, omi ń wọ ìsọ̀. A ti kọ lẹ́tà, wọ́n gbà á, wọn ò lu òǹtẹ̀ kankan sí ẹ̀dà tiwa. Ṣé mo ṣì lè pè? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ò dáa, ṣé wọ́n máa gba ohùn tí mo bá ká sórí WhatsApp?

Sọ̀rọ̀sọ́rọ̀

Ìyá mi, ẹ padà lọ síbẹ̀ lọ́la, ẹ mú ẹ̀dà dání, ẹ ní kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí wọ́n kọ déètì sí i. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ àti ọ́fíìsì tẹ́ ẹ bá wọn ní sínú ìwé yín, ìyẹn náà wúlò. Ẹ ya fọ́tò gọ́tà láàárọ̀ tí òjò bá dá. Ní ti ohùn, wọ́n á gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú kan lọ, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ọjà ní gbólóhùn àkọ́kọ́, torí ohùn tó ń wọlé láàárọ̀ pọ̀. Ẹ fi fọ́tò náà tẹ̀ lé e.