Ẹ gbà mí o, pọ́dà ti bo nọ́ńbà ṣáṣíì mi mọ́lẹ̀

Ọmọ Ìrẹ̀mọ, Leeds: Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá mọ̀ nípa máṣíìnì àtijọ́ kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn kíákíá, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Honda CD175 tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí, èyí tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ifẹ̀ fún ọgọ́rin ọdún wọn, mo gbé fúréèmù ẹ̀ fún àwọn tó ń fi pọ́dà kun irin. Ó padà dé lánàá, dúdú, ó ń dán bíi bàtà ṣọ́jà, inú mi ń dùn títí mo fi wá nọ́ńbà lọ́rùn ẹ̀ tí mi ò rí nǹkan kan. Pọ́dà ti dí i pa. Ẹni tó ni kọ̀ǹténà sì ti ní òun máa fi nọ́ńbà wé ìwé ọkọ̀ kóun tó gbé e wọlé, Fúráìdè ni wọ́n ń tì í. Ṣé kí n fi grinder họ ọ́ díẹ̀? Èkejì, bẹ́ríìnì ọrùn tuntun tí mo rà kò wọlé, pọ́dà wà nínú ibẹ̀ náà. Ẹ̀kẹta, ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn, ṣé mo lè fi èyí tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i nítorí ọ̀nà ilé? Ẹ ṣàánú mi.

Bàbá Ìbejì, Coventry: GRINDER KẸ̀! Gbé e sílẹ̀. Yọ wáyà ẹ̀ lára ògiri.

Ọmọ Ìjòkà, Houston: Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ń pariwo báyìí. Flap disc ni, sánpépà tó ń yí lẹ́nu grinder, ìṣẹ́jú méjì, ó ti yọjú. Mo ti ṣe é rí.

Bàbá Ìbejì, Coventry: Ṣé ó yọjú lóòótọ́?

Ọmọ Ìjòkà, Houston: Ó yọjú. Ìdajì ẹ̀ yọjú.

Bàbá Ìbejì, Coventry: Ẹ gbọ́ o. Ìdajì! Àbúrò Leeds, nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin yẹn ò jìn rárá. Tí grinder bá kàn án báyìí, irin á dán, nọ́ńbà á rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gbogbo ẹni tó bá wò ó á sọ pé ẹrù olè ni, o lè fi Bíbélì búra kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Paint stripper ni kó o rà, èyí tó ki bí ògì. Fi òwú tí wọ́n fi ń nu etí kàn án sójú nọ́ńbà nìkan, fi ọ̀rá bò ó kó má tètè gbẹ, lọ jẹun, padà wá, fi igi họ ọ́. Igi ni mo wí o, kì í ṣe sikudíráfà. Tún un ṣe. Èyí tó lágbára gan-an tá a máa ń lò tẹ́lẹ̀, wọn ò tà á fún ará ilé bíi tiwa mọ́, nítorí náà má retí pé ẹ̀ẹ̀kan ló máa ṣí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester: Kó o wọ ìbọ̀wọ́ o, kó o ṣí fèrèsé, kó o bo ojú. Mi ò ní sọ ohun tí mo rí ní wọ́ọ̀dù.

Ọmọ Lágere, Toronto: Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ nọ́ńbà, ẹ tíì bi í bóyá ó yọ bọ́ọ̀ṣì kó tó gbé e fún wọn? Ààrò ni wọ́n ń yan pọ́dà yẹn sí, 180 sí 200 degree. Èmi gbàgbé rọ́bà bọ́ọ̀ṣì sínú swingarm (apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú) tèmi, ó padà wá bíi ṣingọ́ọ̀mù tí ọmọdé jẹ tì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi họ ọ́, mo wá fi hámà lu ibi tí kò yẹ kí n lù, swingarm tẹ̀, mo ra òmíràn. Bí mo ṣe fi ìbínú sọ owó nù nìyẹn.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ, Leeds: Mo yọ bọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣé. Nọ́ńbà ni mi ò rántí pé kí wọ́n bò.

Bàbá Ìbejì, Coventry: Ó ṣì sàn fún ẹ. Jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán ni mo fi ń pariwo. Triumph 650 tèmi, ti 1972. Láti 1971, inú òpó ńlá tó wà láàárín fúréèmù fúnra ẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí lára àwọn 650 yẹn, kò sí táńkì ọ́ìlì lọ́tọ̀ mọ́. Èmi ọ̀mọ̀ràn gbé e lọ fún ẹnì kan tó fi iyanrìn fẹ́ ẹ kó mọ́, mi ò dí ihò òpó yẹn pa, nígbà tó padà dé mo fi omi ṣan inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó ti tán. Mi ò gùn ún kọjá máìlì 60. Iyanrìn tó kù nínú òpó bá ọ́ìlì rìn, ó lọ bẹ́ríìnì inú ẹ́ńjìnì bí ẹni lọ ata. Ẹni tó tú u bu ọ́ìlì sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ìka pa á, ó ń dún kẹrẹkẹrẹ. £1,400. Ìyàwó mi ò mọ iye yẹn títí dòní, ẹni tó bá sọ fún un, mo máa yọ ọ́ ní group.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester: Ó ti mọ̀. Àwa méjèèjì la jọ lọ ọjà ní Sátidé.

Bàbá Ìbejì, Coventry: 😶

Ọmọ Ìjòkà, Houston: Ẹ̀gbọ́n, iyanrìn lẹ̀bi, ẹ má dá pọ́dà lẹ́bi. Pọ́dà le ju pẹ́ńtì lọ. Tèmi ti tó ọdún mẹ́fà, kò ṣí níbì kankan.

Bàbá Ìbejì, Coventry: Òkúta ò tíì sán án ni. Ọjọ́ tí òkúta bá sán án níbì kan, omi á gba ibẹ̀ wọ abẹ́, irin á máa dógùn-ún lábẹ́lẹ̀, òkè á ṣì máa dán, wà á máa fi ń yangàn. Ti pẹ́ńtì, tó bá ṣí o rí i, o fi búrọ́ọ̀ṣì tún un ṣe, ó parí.

Ọmọ Ìjòkà, Houston: Nítorí pé ẹ̀yin lẹ máa ń da iyọ̀ sójú títì bí ẹni ń se ọbẹ̀ ni. Níbí kò sí iyọ̀, ní Ifẹ̀ náà kò sí iyọ̀. Kí ló fẹ́ mú un dógùn-ún?

Ọmọ Lágere, Toronto: Òjò Ifẹ̀ ńkọ́? Ó ti pẹ́ tó o wálé.

Ọmọ Òkèèsà, Birmingham: Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ Ìjòkà. Nígbà tí ìdajì nọ́ńbà yọjú, kí lo ṣe sí ìdajì kejì?

Ọmọ Ìjòkà, Houston: Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọmọ Òkèèsà, Birmingham: A ò fi í sílẹ̀.

Ọmọ Ìjòkà, Houston: Ó dáa. Mo ra àwọn irin nọ́ńbà kéékèèké tí wọ́n fi hámà lù, mo tún un kọ. Nọ́ńbà gangan tó wà nínú ìwé ni mo kọ o! Mi ò yí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n 3 tèmi ga ju àwọn yòókù lọ, 8 sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin tó wá wò ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má gbé e kúrò níbẹ̀. Oṣù méje ni mo fi lọ bọ̀ kí wọ́n tó fún mi níwèé. Oṣù méje lórí máṣíìnì tí mo ra 600 dọ́là.

Bàbá Ìbejì, Coventry: Ìwọ lo wá ń kọ́ ọmọlọ́mọ kó fi grinder họ nọ́ńbà. Àbúrò Leeds, tí o bá fẹ́ràn ara ẹ, má tún nọ́ńbà kọ láéláé, bó tiẹ̀ ṣẹ́kù ẹyọ kan tí ò hàn. Ya fọ́tò gbogbo ìgbà tó o bá ń ṣí i. Rísíìtì àwọn tó kùn ún dà? Fi pa mọ́, ìyẹn gan-an ni ẹ̀rí pé pọ́dà ló bò ó. Ṣé o ní fọ́tò nọ́ńbà kó tó lọ?

Ọmọ Ìrẹ̀mọ, Leeds: Mo ní ọ̀kan, àmọ́ àtàǹpàkò mi bo apá kan.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester: Ọmọ Ifẹ̀ nìyí 😂

Ọmọ Lágere, Toronto: Bẹ́ríìnì ọrùn ńkọ́, ẹ ti gbàgbé. Ṣé àwọn bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó o wá ra taper, onírólà?

Ọmọ Ìrẹ̀mọ, Leeds: Bẹ́ẹ̀ ni sà.

Ọmọ Lágere, Toronto: O ṣe dáadáa. Pọ́dà tó wà nínú ihò yẹn, fi sánpépà yí i jẹ́jẹ́ títí irin á fi hàn, má jẹ irin. Má fi iná gbóná ọrùn fúréèmù rárá, pọ́dà tuntun á wú. Rọ̀ǹdọ̀ bẹ́ríìnì, òrùka irin ẹ̀, ni kó o fi sí fìríìsà títí ilẹ̀ á mọ́, á sún kì díẹ̀, wà á rí i tó máa rọra wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja pánla ni mo fi tèmi sí, díẹ̀ ló kù kí ìyàwó mi sè é mọ́ ẹ̀fọ́.

Ọmọ Òkèèsà, Birmingham: Rọ̀ǹdọ̀ àtijọ́ tí ò bá jáde ńkọ́, èyí tí páńṣì ò ráyè dé ẹ̀yìn ẹ̀. Kí wẹ́dà jó ìlà kan yí inú ẹ̀ po, tó bá ti tutù á sún kì, á já bọ́ fúnra ẹ̀. Wẹ́dà kan ní Ẹ̀rẹ́jà ni mo ti kọ́kọ́ rí i nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé oògùn ni.

Bàbá Ìbejì, Coventry: Tó o bá ti tò ó tán, má tì í mọ́lẹ̀ bí ẹni ti nọ́ọ̀tì táyà lọ́rì, á máa rìn ségesège bí ọ̀mùtí tí ò rí ilé. Gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, fi ìka kan ti ọwọ́ ẹ̀, kó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ wẹ́rẹ́. Wá di fọ́ọ̀kì mú nísàlẹ̀, fà á síwá sẹ́yìn, kò gbọdọ̀ dún kọ́. Àárín méjèèjì yẹn lo ń wá. Kó o sì rántí họ pọ́dà kúrò níbi tí wáyà earth ti kan irin, pọ́dà kì í jẹ́ kí iná kọjá, o lè máa ta á láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọmọ Òkèèsà, Birmingham: Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dárúkọ Triumph, ẹ ò ní gbàgbé pé Birmingham ni BSA ti wá, Small Heath níbí, kí Coventry má baà wú fùkẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Coventry: Meriden tí wọ́n ti ń ṣe Triumph nígbà náà ò jìnnà sí ilé mi. Kí lẹ ṣe ní Birmingham tó tó Bonneville? Bantam!

Ọmọ Òkèèsà, Birmingham: Bantam tó gbé àwọn tísà yín lọ sí ilé ìwé kí ẹ tó mọ ABD. Ẹ má bú u.

Ọmọ Lágere, Toronto: Ẹ wo àwọn ọmọ Iléṣà méjì tí wọ́n ń jà lórí ìlú òyìnbó. Ẹ gbé òṣómàáló yín kúrò níbí, ẹni tó ń wá nọ́ńbà ń wá nọ́ńbà.

Bàbá Ìbejì, Coventry: Òṣó la máa ló gba owó wa, a ò sì ní dìde títí ẹ máa fi san án. Ẹ̀yin Ifẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ dá ayé, ẹ ò rántí dá ọ̀nà Ọ̀ṣú kó dáa.

Ọmọ Lágere, Toronto: Ojú ọ̀nà wá sí ọ̀dọ̀ yín ló bàjẹ́, ti ọ̀dọ̀ wa dán 😂

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester: Ọ̀nà Ọ̀ṣú yẹn! Honda C70 ni màmá mi ń gùn lọ sí ọsibítù Wesley fún iṣẹ́ alẹ́, wọ́n á fi aṣọ funfun wọn há abẹ́ itan kí afẹ́fẹ́ má fẹ́ ẹ, èmi á dúró níwájú láàárín apá wọn. Fọ́ọ̀kì tiẹ̀ ò dà bíi ti yín, irin pẹlẹbẹ ni, ó ní apá kékeré nísàlẹ̀ tó ń fò sókè sódò bí ẹsẹ̀ ìrẹ̀. Tó bá wọ kòtò, eyín mi á kàn gbá ara wọn ni. Mi ò tíì gbọ́ òórùn pẹtiróòlù kan tó dùn bíi ti ọjọ́ náà.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ, Leeds: Owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, ni bàbá mi fi ra CD175 tiwọn, 1975. Wọ́n máa ń sọ pé gbogbo tísà Ifẹ̀ ló ra nǹkan lọ́dún yẹn, ẹlòmíràn ra rédíò, ẹlòmíràn fẹ́ ìyàwó kejì, àwọn ra máṣíìnì. Ìyá mi ní ọlá Ọlọ́run ni pé kì í ṣe ti àárín. Máṣíìnì ọ̀hún ní bọ́ńbà kan tó bo ṣéènì pátá, wọ́n ní eruku ọ̀nà oko ò rí i jẹ. Wọ́n fi gbé kòkó, wọ́n fi gbé àwa mẹ́rin lọ síléèwé. Ẹnì kan ní Sábó ló jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ó wá fi rọ́bà tyúbù wé ṣọ́ọ̀kù ẹ̀ kó má baà wọlẹ̀ mọ́.

Ọmọ Òkèèsà, Birmingham: Rọ́bà tyúbù! Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á tún da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì 40 sínú fọ́ọ̀kì iwájú, wọ́n á ní kó lè le.

Ọmọ Lágere, Toronto: Kò sì le o, pírín-ìn-gì ló ń gbé ẹrù. Ọ́ìlì tó ki kàn ń dá a dúró kó má tètè padà sókè ni. Kòtò kejì á bá a nílẹ̀, ẹ̀kẹta á bá a nísàlẹ̀ pátápátá, ìyẹn ni ẹ ṣe ń gbọ́ gbàgà.

Bàbá Ìbejì, Coventry: 1972 tí wọ́n ní ká kúrò lọ́wọ́ òsì títì ká bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, ojú Roundabout Iléṣà ni bàbá mi ti gun tiwọn wọ inú gọ́tà, wọ́n ní àwọn ò ṣìnà, ọ̀nà ló ṣí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester: 😂😂 ọ̀nà ló ṣí.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ, Leeds: Ẹ jọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn.

Bàbá Ìbejì, Coventry: Má fi èyí tó gùn jù sí i. Tí ìdí bá ga, fọ́ọ̀kì iwájú á nàró, ọwọ́ á fúyẹ́, tó bá ti ń sáré á máa mi orí bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Wọn gígùn ti àtijọ́ láti àárín ihò òkè dé àárín ihò ìsàlẹ̀, ra gígùn yẹn gan-an, kó o kàn yan pírín-ìn-gì tó bá ẹrù mu. Tí bàbá bá jókòó sórí ẹ̀, kó wọlẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìrìn ẹ̀.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ, Leeds: Bàbá nìkan, àbí bàbá àti màmá? Wọ́n ti ní àwọn méjèèjì ló ń lọ sí Ọ̀ṣú lọ jẹ iyán.

Ọmọ Ìjòkà, Houston: Iyán ní Ọ̀ṣú! Ẹ rí i pé Ifẹ̀ ò ní iyán, Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń gùn ún wá.

Ọmọ Lágere, Toronto: Ìwọ tó o ń jẹ iyán páálí ní Houston.

Bàbá Ìbejì, Coventry: Màmá wúwo tó báwo? Má dá mi lóhùn níbí, àwọn obìnrin wà níbí. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, a máa sọ ọ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester: A ti rí i.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ, Leeds: Ó ń ṣí o! Mo ti rí "CD175" ketekete, dáàṣì wà níbẹ̀, nọ́ńbà àkọ́kọ́ náà ti ń yọjú. Ó jọ 4. Tàbí 1.

Ọmọ Ìjòkà, Houston: Ṣé kí n fi irin nọ́ńbà mi ránṣẹ́?

Bàbá Ìbejì, Coventry: Mo ṣì wà níbí o, Ìjòkà. Leeds, fi òwú sí i lẹ́ẹ̀kan sí i.