Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èló ni kí n fi kún fóltéèjì i5-9600K, pùrósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà mi?

ỌmọṢómólú: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò ni mo ń gé jẹun ní Ṣómólú níbí. Mo gbé eré i5-9600K mi sókè sí 4.9 GHz lórí bọ́ọ̀dù Z390, Vcore (fóltéèjì tó ń wọ pùrósẹ́sọ̀) wà ní 1.25 V. Windows ń wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ tí render (kí kọ̀ǹpútà máa ṣe fídíò tí mo ti gé jáde) bá ti wọra díẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà á di búlúù: CLOCK_WATCHDOG_TIMEOUT. Ẹnìkan ní kí n gbé e lọ sí 1.40 V kí n sinmi. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí n ṣe?

BàbáTáíwò_Yaba: Àbúrò, má fò lọ sí 1.40 o! Iná tí pùrósẹ́sọ̀ ń jẹ kì í bá fóltéèjì rìn lọ́gbọọgba, fóltéèjì lọ́nà fóltéèjì (tá a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀) ló ń tẹ̀ lé. Láti 1.25 dé 1.40, ooru á fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i, 4.9 náà ló ṣì máa sá. 0.01 V ni kó o máa fi kún un, kó o ki Prime95 tàbí OCCT, àwọn ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán pùrósẹ́sọ̀ wò, bọ̀ ọ́. Tó bá kú, tún fi 0.01 kún un. Tó o bá dé 1.35 tí kò gbà, dín eré kù. Fáànù lásán kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀ lójú tèmi.

Sisí_ẸbúteMẹ́ta: Ẹ̀gbọ́n ti sọ òótọ́, àmọ́ bọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ ṣí HWiNFO, ètò tó ń fi fóltéèjì àti ooru hàn, kẹ́ ẹ wo Vcore nígbà tí render ń lọ lọ́wọ́. Ohun tẹ́ ẹ kọ sínú BIOS (ibi tẹ́ ẹ ti ń to bọ́ọ̀dù) kọ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tíṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. 1.25 yín lè máa já sí 1.19, ìyẹn ló sì ń pa á. Load-Line Calibration (LLC), tó wà nínú BIOS, ló ń dí jíjá yẹn lọ́wọ́. Ẹ mú èyí tó wà láàárín, ẹ má mú èyí tó le jù, torí ó máa ń ta fóltéèjì sókè lójijì tíṣẹ́ bá fẹ́ dáwọ́ dúró. Ẹ ka ìwé bọ́ọ̀dù yín o: lára àwọn kan, 1 ló le jù, lára àwọn mìíràn nọ́ńbà tó ga jù ni. Kẹ́ ẹ sì pa XMP, tó ń mú kí RAM (mẹ́mórì) sáré sí i, ná, kó má lọ jẹ́ RAM ló ń dàmú yín.

Òtígbà_Boy: Ọ̀sán gangan ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, nígbà tí AC ò ṣiṣẹ́. Àwọn òyìnbó tó ń gbé iye ooru jáde, yàrá tó tutù ni wọ́n ti ń ṣe é, bíi 21°C. Yàrá Èkó lóṣù kẹta lè di 32. 78 tiwọn, bí 89 ló máa jẹ́ lọ́dọ̀ yín, 100 sì ni chip yìí ti ń dín eré kù fúnra rẹ̀.

ỌmọṢómólú: Ẹ ṣeun gan-an. Sisí, òótọ́ lẹ sọ, 1.184 ni mo rí! Mo ti mú LLC àárín, mo gbé e sí 1.29. Render parí lọ́sàn-án yìí, ooru ò kọjá 86. Ṣé kí n gbìyànjú 5.0?

BàbáTáíwò_Yaba: Rárá o. Oníbàárà ló ń dúró de iṣẹ́ rẹ. Kódà 4.7 ni ǹ bá lò: render wákàtí kan á fi bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ pẹ́ sí i, fóltéèjì á sì wálẹ̀ dáadáa. Jẹ́ kí OCCT ṣiṣẹ́ mọ́jú lálẹ́ òní ná.