Ìrólágbára kọ́ ni irin inú òpó o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Látàárọ̀ ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá wa ṣẹ̀dá yìí, pé irin tí wọ́n ń tò sínú kọnkéré, "ìrólágbára" ni ká máa pè é, mo fẹ́ gbẹ́nu dákẹ́ àmọ́ kò ṣeé ṣe. Ọ̀gá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa. Ẹ gbé e síwájú òpó kẹ́ ẹ sì yọ àmì ohùn kúrò bí ọ̀pọ̀ yín ṣe máa ń ṣe, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá òpó ilé là ń sọ àbí opó tọ́kọ ẹ̀ kú.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ká mi lára. Ì- tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ni. Iṣẹ́ téèyàn ń ṣe ló ń sọ, kì í ṣe nǹkan téèyàn lè gbé sórí ìwọ̀n. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fi ìborí àti ìbọ̀sẹ̀ dá mi lóhùn, ó dáa, ìborí mẹ́ta ń bẹ, ṣé ìrólágbára mẹ́ta ń bẹ? Kíkà sì ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Òpó onígun mẹ́rin tí ìhà kọ̀ọ̀kan ẹ̀ jẹ́ mílímítà 300, irin 16 mẹ́rin (èyí tó nípọn ní mílímítà 16) ló máa dúró nígun ẹ̀. Ẹ sọ 16 di ìlọ́po 16, ẹ pín in sọ́nà 162, 1.58 ló máa jáde, kílò tí mítà kan wọ̀n nìyẹn. Tí òpó bá ga ní mítà 3, mítà 12 ni irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bíi kílò 19, a ò tíì ka ibi tí irin ti máa lé ara wọn o. Kílò 19 ìrólágbára? Ẹ gbà mí.

Irin títẹ̀ ni bàbá mi fi jẹun, "tó dúró mélòó, tó sùn mélòó" ni wọ́n máa ń béèrè, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun témi fi ní ká sọ ọ́ ní irin òòró àti irin ìbú nìyẹn (òòró o, kì í ṣe oró). Ó bá déékìn, ìyẹn àjà kọnkéré, náà mu: irin ìbú, èyí tó gba ọ̀nà tó kúrú, òun ló ń ru ẹrù jù, òun ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ tẹ́ sísàlẹ̀ kí ti òòró tó gorí ẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń pè ní ríǹgì, tó yí irin òpó ká, òrùka ni. Ẹni tó sọ pé òrùka ò lè nígun, ṣé tìtorí pé ó rí róbótó la ṣe ń wọ̀ ọ́ ni àbí torí pé ó yí ìka ká? Òun ni kì í jẹ́ kí irin tó dúró tẹ̀ síta nígbà tí ẹrù bá tẹ òpó, ìdí nìyẹn tí àlàfo ẹ̀ ò fi gbọdọ̀ ju ìlọ́po 12 bí irin òòró tó tín-ín-rín jù ṣe nípọn tó, mílímítà 192 nìyẹn fún irin 16. Tẹ́ ẹ bá tò ó ní 150 sí 150, òrùka 21 ló máa wọ mítà 3 yẹn.

Ti ìpìlẹ̀ ò le. Àwọ̀n irin ni. Onígun mẹ́rin tí ìhà kọ̀ọ̀kan ẹ̀ jẹ́ mílímítà 1200, ẹ yọ 50 tí kọnkéré fi bò ó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ku 1100, tí àlàfo ò bá gbọdọ̀ ju 150, 9 á sùn síhìn-ín, 9 á sùn sọ́hùn-ún lórí ẹ̀.

Irin tó yọrí látinú ìpìlẹ̀ tẹ́ ẹ pè ní "irin ìbẹ̀rẹ̀" ńkọ́? Kí ló bẹ̀rẹ̀? Òpó ló ń dúró dè. Adúródòpó lorúkọ témi sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n tó ní ẹni tí ò ka gírámà ní yunifásítì kó máà dá sí i, tí wọ́n tún ní adúródeòpó ló tọ́, pé "e" inú "de" ò gbọdọ̀ sọnù, ẹ kọ́kọ́ pe tiyín jáde lẹ́nu ná.