Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbowó inṣọ́ránsì mọ́tò rí n'Ifẹ̀ àti Iléṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọjú

Màmá Tọ́lá, Mayfair
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé mọ́tò mi máa kú lóṣù tó ń bọ̀. Bọ̀bọ́ tó ń bá mi ṣe é lọ́dọọdún ní ₦15,000 ni inṣọ́ránsì third party, pé kì í ṣe ohun tí mo lè ná. Àbúrò ọkọ mi ní bí mo bá gbọ́n, kí n ṣe comprehensive, torí third party ò ní fún mi ní kọ́bọ̀ bí mọ́tò tèmi bá rún. Corolla ni mò ń wà, òun náà ni mo fi ń kó ọjà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ta ló ti gba owó yìí rí nínú yín? Ẹ má ka ìwé fún mi, ohun tí ojú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ. Ọgbọ́n wo lẹ sì ń dá tí kì í fi í wọ́n jù?

Rìwáyà Sábó
Gba owó kẹ̀? Lọ́wọ́ ta ni? 😂

Ọmọ Ọbòkun
Lọ́wọ́ wọn náà ni. Èmi gbà á. Ẹ fìdí kalẹ̀.

Ìparí ọdún 2023 ni. Mò ń ti Iléṣà bọ̀ n'Ifẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Òṣú. Màálù kan bẹ́ sójú títì gìrì. Mo tẹ bíréèkì títí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo pàpà gbá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ká bí ìwé, rédíétọ̀ fọ́, iná iwájú méjèèjì lọ. Èmi ò ṣèṣe. Màálù náà dìde, ó gbọn ara nù, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń dà á? Mi ò rí i títí dòní.

Comprehensive ni mo ní. Mo ya fọ́tò kí n tó jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ kúrò, mo lọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, mo pè wọ́n lọ́jọ́ kejì. Wọ́n rán ẹnì kan wá wò ó lọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà mi. Ó wò, ó kọ, ó yà, ó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ní fáìlì wà lórí tábìlì ọ̀gá. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọ̀gá ti rìnrìn àjò.

Mo wá rántí ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Bàbá tó bí bàbá mi, aṣọ ló ń tà láwìn káàkiri. Tó bá dọjọ́ owó, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni n máa ló kí n tó gbowó mi. Èmi náà gbé iyán sínú kúlà, mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn n'Íbàdàn. Mo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ní mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mo kàn fẹ́ jókòó de ọ̀gá ni. Nígbà tó di ọ̀sán, mo ṣí kúlà. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ṣe ń rùn nínú yàrá tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé ẹ̀ nítorí A.C. Mo tún padà lọ lọ́jọ́ kejì. Aago méjì ò tíì lù tí wọ́n fi ní kí n wá fọwọ́ síwèé. ₦640,000 ni pánẹ́ẹ̀lì bítà kọ, ₦576,000 ni wọ́n san.

Alága Ìlárè
Iyán. Nínú ọ́fíìsì onígíláàsì. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà yìí!

Ìyá Ìbejì Ìsọ̀kun
Ọbẹ̀ wo lẹ bá a gbé?

Ọmọ Ọbòkun
Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, mà. Pẹ̀lú bọ̀kọ́tọ̀.

Rìwáyà Sábó
Ẹ fi iyán sílẹ̀. Màálù ni mo fẹ́ béèrè. Kí ló dé tí màálù ò ní third party? Ṣé kì í rìn lójú títì ni?

Tíṣà Òṣú
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ₦64,000 tó kù ńkọ́?

Ọmọ Ọbòkun
Excess nìyẹn. Ìpín tèmi nínú ìbàjẹ́, 10%. Ó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Mi ò kà á nígbà yẹn.

Ìyá Ìbejì Ìsọ̀kun
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tiẹ̀ rí màálù gbá, ẹ ṣé. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbá èmi, ní Lágere. Mo dúró jẹ́jẹ́ kí èrò kọjá, ó lọ wọ̀ mí lẹ́yìn gbàà! Báńpà já, bọ́ọ̀tù ò pa dé mọ́. Kí n tó bọ́ sílẹ̀, ọmọ náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀. Ìyá alágbàdo, ọlọ́kadà mẹ́rin, bàbá kan tó gbé Bíbélì dání, gbogbo wọn ló bò mí. "Màmá, ẹ fojú fò ó." "Ẹ dúpẹ́ pé kò kan ẹ̀mí." Bàbá oníBíbélì wá ń bi mí bóyá èmi ò bímọ ni. Wọ́n gbá mi, ọ̀rọ̀ wá di pé èmi ni mo burú! Mo fojú fò ó. ₦85,000 ni mo fi tún ọkọ̀ ṣe. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọmọ Oòduà
Bàbá yẹn ló dùn mí jù.

Rìwáyà Sábó
Gbogbo ibi tí mọ́tò bá ti gbára wọn n'Ifẹ̀ ni bàbá yẹn máa ń wà. Mo mọ̀ ọ́n. 😂

Mo Ta Á Rí
Màmá Ìbejì, ẹ jẹ́ n bá yín fi ojú iṣẹ́ wò ó. Kẹ̀kẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní third party. ₦5,000 ni tiwọn láti January 2023, ó sì lè san tó mílíọ̀nù méjì náírà lórí ohun ìní ẹlòmíì tí wọ́n bá bà jẹ́. Ti ọkọ̀ ilé tó jẹ́ ₦15,000, mílíọ̀nù mẹ́ta ni tiẹ̀. Ìyẹn ni third party: kì í ṣe mọ́tò ẹni tó ra á ló wà fún, ti ẹni tó bá gbá ni. Ìwé ẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà, kẹ́ ẹ ní kó dìde nílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìsọ̀kun
Bọ̀dá, ṣé ogún èèyàn ti ká yín mọ́ lójú títì rí? Ìwé wo lẹnu mi fẹ́ béèrè?

Alága Ìlárè
Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló burú o. Ká ní ẹ̀yin lẹ gbá a, ẹ̀yin náà á kúnlẹ̀.

Mo Ta Á Rí
Alága, ibẹ̀ gan-an ló ti ń bàjẹ́. Bẹ́ ẹ bá gbá èèyàn, tẹ́ ẹ kúnlẹ̀, tẹ́ ẹ ní "èmi ni mo jẹ̀bi, màá san gbogbo ẹ̀", ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì yín lè ní àwọn ò sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣèlérí. Ó wà nínú ìwé wọn pé ẹ ò gbọdọ̀ gba ẹ̀bi tàbí ṣèlérí owó láì fi tó wọn létí. Ẹ bá a kẹ́dùn, ẹ gbé e lọ sọ́sípítù tó bá ṣèṣe, ẹ pa ọ̀rọ̀ owó tì.

Alága Ìlárè
Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbá àgbàlagbà tí kò ní sọ pé ẹ má bínú?

Mo Ta Á Rí
"Ẹ má bínú" kì í ṣe "màá san án", sà.

Rìwáyà Sábó
Lọ́dọ̀ ìyá mi, ìkan náà ni o.

Tíṣà Òṣú
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ojú ń tì mí díẹ̀. Lọ́dún 2024, mo ń fi ẹ̀yìn rìn jáde ní Ẹnuwá, mo lọ fi ìdí mọ́tò gún ilẹ̀kùn jíìpù ẹnì kan. Lọ́yà ni. Kò pariwo, kò pe èrò. Ó kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ mú inṣọ́ránsì yín wá." Inú mi tiẹ̀ dùn! Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń san owó yẹn láìrí nǹkan fi ṣe. Ó mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà mọ́tò mi sórí NIID, ibi táwọn ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì ń kọ gbogbo ojúlówó sí. Mi ò sí níbẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀. Ìwé mi ní òǹtẹ̀, ó ní nọ́ńbà, ó ń dán yanranyanran. Ayédèrú ni. Ọmọ kan tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi látọjọ́ yìí. ₦180,000 ni mo fi owó oṣù san.

Báyìí, kí ẹni tó ṣe ìwé fún mi tó kúrò níwájú mi, mo ti tẹ *565*11# lórí fóònù láti fi wo NIID, mo ti fi nọ́ńbà ọkọ̀ síbẹ̀.

Màmá Tọ́lá, Mayfair
Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ n tẹ tèmi.

Màmá Tọ́lá, Mayfair
Mi ò sí níbẹ̀.

Rìwáyà Sábó
Yéè.

Ọmọ Oòduà
Ẹ tún un tẹ̀, mà. Bóyá lẹ́tà kan ló ṣì yín lọ́wọ́.

Màmá Tọ́lá, Mayfair
Ẹ̀ẹ̀mẹta rèé. Mo ti ń pe bọ̀bọ́ náà, ó ń dún, kò gbé e. Ká ní owó ni mo fẹ́ san, kò ní dún lẹ́ẹ̀mejì.

Tíṣà Òṣú
Ẹ rọra jáde lọ́la, mà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2025 lọ́gàá ọlọ́pàá ti ní kí wọ́n máa yẹ third party wò káàkiri Nàìjíríà.

Ọ̀gá Kabúkabú
Gbogbo èyí ò kàn mí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń wa Ifẹ̀ sí Iléṣà, òróró àdúrà ni inṣọ́ránsì mi. Mo ní third party ti ₦15,000 náà nítorí ọlọ́pàá, ọkọ̀ ilé ṣá ni. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ń gbé èrò mẹ́rin.

Mo Ta Á Rí
Ọ̀gá, bẹ́ ẹ bá fi ìwé ọkọ̀ ilé gbé èrò tó ń sanwó, tí nǹkan wá ṣẹlẹ̀, wọ́n lè kọ̀ jálẹ̀. Iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe ni kẹ́ ẹ kọ síwèé.

Ọ̀gá Kabúkabú
Ta ló fẹ́ sọ fún wọn?

Ọmọ Ọbòkun
Èrò mẹ́rin tó wà nínú ọkọ̀.

Ọ̀gá Kabúkabú
Ìwọ lọ jẹ iyán ẹ.

Alfa Sábó
Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ọkàn yín ò balẹ̀ sí inṣọ́ránsì, takaful wà, ìyẹn inṣọ́ránsì tó bá òfin Ìsìláàmù mu. NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso inṣọ́ránsì, ló ń ṣàkóso òun náà. Mo kàn ní kí n sọ ọ́.

Mo Ta Á Rí
Màmá Tọ́lá, ẹ̀yin lẹ bi wá léèrè, a ti gbàgbé yín sẹ́yìn màálù. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ta inṣọ́ránsì, mi ò tà á mọ́, kẹ́ ẹ má rò pé mo ń polówó.

₦15,000 yẹn, ẹ má wulẹ̀ ná an. NAICOM ló fi lélẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á bá yín ṣe é ní ₦6,000, ẹ ti gbọ́ ìtàn Tíṣà. Comprehensive ni ọgbọ́n ń bẹ nínú ẹ̀. NAICOM ní kò gbọdọ̀ dín sí 5% iye ọkọ̀, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀dínwó. Mọ́tò mílíọ̀nù mẹ́rin, ₦200,000 lọ́dún nìyẹn ó kéré tán. Torí náà, bí wọ́n bá ní 7%, ẹ ná an títí á fi sún mọ́ 5. Bẹ́ ẹ bá ti lo ọdún kan tẹ́ ẹ ò béèrè owó lọ́wọ́ wọn, ẹ rán wọn létí, ẹ̀dínwó wà fún un. Nítorí báńpà tó họ, ẹ má lọ béèrè nǹkan kan, excess á gbé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ̀dínwó yín á tún lọ.

Ibi tí mo ti rí omijé jù lọ ni iye ọkọ̀. Èèyàn ra tọ́kùnbọ̀ ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ní 2021, iye yẹn náà ló ń kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Náírà ti já, mọ́tò náà ti di mílíọ̀nù márùn-ún lọ́jà. Inú ẹ̀ ń dùn pé owó tóun ń san kéré. Lọ́jọ́ tí ìbàjẹ́ ₦600,000 dé, wọ́n á ní ìdajì mọ́tò lo mú wá fún wa, ìdajì ìbàjẹ́ la máa san. ₦300,000. Wọn ò tíì yọ excess o. Ọkùnrin kan fẹ́ẹ̀ lù mí nítorí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo kọ iye yẹn.

Bí comprehensive bá wúwo, ẹ béèrè third party fire and theft: mọ́tò yín jóná, tàbí olè gbé e, wọ́n á san, ṣùgbọ́n ti màálù, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ má sì gbàgbé láti sọ fún wọn pé ẹ ń fi kó ọjà. Third party ọkọ̀ tó ń kó ẹrù olówó ẹ̀, ₦20,000 ni wọ́n kọ sí tirẹ̀. Owó á sì ti wọlé kí ààbò tó bẹ̀rẹ̀, wọn kì í tà á láwìn.

Ọmọ Ọbòkun
Wọn kì í tà á láwìn, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó.

Ọmọ Oòduà
Ẹni tó gbá màálù, ó yẹ kí olówó màálù san án. Èmi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Rìwáyà Sábó
Ẹ dúpẹ́ tí kò bá wá ní kẹ́ ẹ san owó màálù.

Màmá Tọ́lá, Mayfair
Ó gbé e o! Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, pé orúkọ mi ò tíì "gòkè". Láti oṣù kọkànlá. Mo ní kò burú, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la, ká jọ dúró dè é kó gòkè. Ọmọ Ọbòkun, kúlà mélòó lẹ gbé lọ?

Ọmọ Ọbòkun
Ọ̀kan lójúmọ́, mà. Ẹ fi irú sí i dáadáa.

Ìyá Ìbejì Ìsọ̀kun
Kẹ́ ẹ má jẹ́ kí bàbá oníBíbélì gbọ́ o.