Àkókò wo lẹ fi ń ṣe eré ìdárayá tí ẹ kò fi jáwọ́? Ẹ sọ tiyín

Aránṣọ, Ìgbọ̀nà:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tí mo sì jáwọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni mo kọ́kọ́ mú, mo rò pé tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo bọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń ránṣọ mọ̀ pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ gan-an ni oníbàárà tó ní òwàḿbẹ̀ lọ́la máa ń yọjú: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún un níbàdí díẹ̀." Kí n tó gbórí sókè, ilẹ̀ ti ṣú. Mo tún gbìyànjú ọ̀sán, nínú oṣù kẹta, pẹ̀lú oòrùn Òṣogbo. Ọjọ́ kejì ni orí fọ́ mi títí di alẹ́.

Ìgbà tí dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru ni mo wá bi ara mi pé: ìgbà wo lójúmọ́ ni ẹnikẹ́ni kì í wá mi? Lẹ́yìn Àsùbáà ni. Mo ti jí, omi àlùwàlá ti kan ojú mi, àmọ́ orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń padà sí. Mo bá gbé bàtà kánfáàsì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bútà. Bí mo bá ti nawọ́ sí bútà báyìí, bàtà lojú mi á kọ́kọ́ bá. Tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ (ajá àdúgbò wa kì í ṣe èyí tí èèyàn ń bá pàdé lókùnkùn), èmi àti ìyá tá a jọ ń gbélé á rìn kánmọ́kánmọ́ ní apá Gbódófọ̀n fún 30 ìṣẹ́jú. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe tó 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ó kúkú pé géérégé. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá tutù, n bá ti sùn, àmọ́ ìyá yìí á fi ìka kan fèrèsé mi lẹ́ẹ̀mejì. Tí oṣù Ààwẹ̀ bá dé, a máa ń sún un sí ìgbà tó bá ku díẹ̀ ká ṣínu.

Olùkọ́, Òkè-Báálẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, òwúrọ̀ kò bá èmi lára mu. Mo sáré ní ìdájí ọjọ́ kan láì kọ́kọ́ nara, iṣan ẹ̀yìn itan mi fà, mo tiro fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé ooru inú ara máa ń lọ sílẹ̀ jù ní àfẹ̀mọ́jú, tí ó sì ń ga jù tó bá ń di ìrọ̀lẹ́, ìgbà yẹn sì ni iṣan ń rọ̀. Tí ilé ìwé bá parí, pápá ni mo ń gbà lọ tààrà, aṣọ eré ti wà nínú báàgì mi. Ọjọ́ tí mo bá kọ́kọ́ yà sílé pẹ́rẹ́, tí ẹ̀yìn mi kan àga, ó parí nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì:
Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ òru ńkọ́? Àárọ̀ yín lalẹ́ mi. Mo sáré lẹ́yìn iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ mi létí títì, ọlọ́kadà kan ló dì mí mú. Ní báyìí, tí mo bá sùn jí ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán, màá fo okùn nínú ọgbà kí n tó wẹ̀. Ọjọ́ tí n kò bá lọ síṣẹ́ ló ń dàrú mọ́ mi lọ́wọ́.

Aránṣọ, Ìgbọ̀nà:
Àǹtí nọ́ọ̀sì, tó bá jẹ́ apá Gbódófọ̀n lẹ ń gbé, ẹ pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ kò bá ní iṣẹ́. A óò kan fèrèsé tiyín náà.