"Generous", "mean", "charity": ẹ wá sọ ohun tí etí yín gbọ́

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ̀yin ará wa lókè òkun, ẹ kú iṣẹ́ o. Nílé, ẹni tó lawọ́, ó lawọ́. Ẹni tó háwọ́, ó háwọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń sọ ọ́ lọ́hùn-ún ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màmá òyìnbó kan wà níbẹ̀, ọmọ wọn ọkùnrin kì í pa ọjọ́ Sọ́ńdè jẹ: á wá, á bá wọn ya irun, á ka ìwé ìròyìn fún wọn. Lọ́jọ́ kan tó lọ tán, màmá ní, "He's a lovely boy, but he's so mean." Ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà tá a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ti dìde, ó fẹ́ lọ fi tó ọ̀gá létí pé ọmọ ń fìyà jẹ ìyá rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, òǹrorò ni ẹni tó bá "mean". Ní Ìlú Ọba, ahun ni! Mo fà á láṣọ pé kó jókòó. Ẹ̀sùn màmá ò ju pé ọmọ kì í mú nǹkan kan dání wá lọ, bisikíìtì tí wọ́n bá sì gbé fún wọn, òun ló ń jẹ ẹ́ tán. Ìyá wo nínú wa ló máa pe ọmọ rẹ̀ ní ahun níwájú àlejò? (Ó lè sọ ọ́ lẹ́yìn ṣá.)

Alásè, Peckham: Tèmi ni "generous portions" tí àwọn oníbàárà máa ń kọ nípa ilé oúnjẹ wa. Owó ni wọ́n fi rà á o! Ẹni tó fi èènì sí i là ń yìn, èmi ò tíì gbọ́ kí wọ́n ní àwo ìrẹsì lawọ́.

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn: "Generous" kì í ṣe oríyìn nígbà gbogbo. Níbi tá a ti ń máàkì ìdánwò, ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò gbé ìwé kan tí ẹni tó jókòó tì mí ṣẹ̀ṣẹ̀ máàkì, ó ní, "You've been generous." Ọ̀rẹ́ wa ń dúpẹ́. Ni ọ̀gá bá gé máàkì náà kù. Inú Látìn lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wá, ọmọ ọlọ́lá, ẹni tí a bí sílé ire, ló sì ń tọ́ka sí nígbà tó kọ́kọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì. "Charity" náà ti ṣí nípò: Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ní "faith, hope, charity", ìgbàgbọ́, ìrètí àti ìfẹ́ ni tiwa kọ, nígbà tí wọ́n tún ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1881, "love" ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Àdùkẹ́, London: Lónìí ẹ̀wẹ̀, "charity" ti di ilé ìtajà, Tíṣà! Mo kó aṣọ lọ ta ọ̀kan ládùúgbò wa lọ́rẹ, kí wọ́n tà á, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ ṣàánú. Obìnrin tó ń gbowó ní ṣé mo ń san owó orí, kí n buwọ́ lu Gift Aid, ìjọba á fi 25p kún gbogbo £1 tí wọ́n bá rí lórí rẹ̀. Mo buwọ́ lù ú. Wọ́n kọ̀wé sí mi lẹ́yìn náà, wọ́n dúpẹ́ "for your generosity", wọ́n sì kọ iye tí wọ́n ta gbogbo rẹ̀: £6. Léèsì ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà nínú àpò yẹn o!

Ìyá Ìbejì, Leeds: Àdùkẹ́, ilé ìtajà wo nìyẹn? Mò ń bọ̀ ní London ní Sátidé.